Òǹkà Tó Kú

Ní Hammerdal, níwájú ilé ìlagẹdú tó ti kógbá wọlé,
la ti ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù kẹjọ,
àwa tá a ní Fọ́lífò onígun mẹ́rin ayé àtijọ́,
àwọn ọkọ̀ tó rí bíi páálí bàtà tí wọ́n de táyà mọ́.
A kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo ẹ́ńjìnnì.
Ilẹ̀kùn awakọ̀ là ń ṣí,
a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó di ojú kan,
a ó ka òǹkà bí ẹni ń wo ọjọ́ orí lẹ́nu ẹṣin.

Máìlì tiwa gùn níbí. Kìlómítà mẹ́wàá gbáko ló wà nínú ẹyọ kan.
Bí ará Jämtland bá sọ fún ọ pé máìlì mẹ́ta péré ló kù,
jẹun kó o tó gbéra.

Torgny kọ tirẹ̀ sórí páálí, ó fi há wáípà:
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá kìlómítà.
Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Kílọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Ìyàwó méjì.
Ti Sixten kò tó ìdajì ìyẹn, a sì mọ̀ pé irọ́ ni,
nítorí ọwọ́ Rune oníṣòwò ọkọ̀ ló ti rà á,
Rune tó máa ń yí òǹkà sẹ́yìn lóru
títí ọkọ̀ á fi di àbúrò fún ìdógùn-ún ara rẹ̀.
Sixten mọ̀. Ó ṣì ń fi itọ́ àti etí ẹ̀wù nu gíláàsì òǹkà náà.

Gunvor ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.
Òun ló ń gbé lẹ́tà kiri abúlé wa,
àpótí lẹ́tà igba ó lé mẹ́rìnlá, òjò ni, yìnyín ni.
Òǹkà tirẹ̀ dúró lórí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín mẹ́tàlá:
ike eléyín kan tí kò ju bọ́tìnì lọ ló kán nínú rẹ̀,
kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọkọ̀.
Ó tún rìn fún ọdún mọ́kànlá.

Torgny yọ bírò. “Kìlómítà mẹ́rìnléláàádọ́rin lójúmọ́,
ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di púpọ̀...”

“Pa bírò dé,” Gunvor wí.
“Ṣé o ti ka àwọn ọjọ́ tí mo padà sí Sikås lẹ́ẹ̀mejì
torí pé Hilma ti gbé omi kọfí kaná, kò sì lẹ́nì kan?
Ṣé òǹkà máa ń ka rìfáàsì?
Ẹ̀yìn tí mo ti fi jáde lọ́nà oko àwọn èèyàn
tó èyí tí mo fi lè dé Nọ́wè.
Àti òru tí mo gbé Evert lọ sílé ìwòsàn Östersund,
tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń dárúkọ afárá kọ̀ọ̀kan ká tó dé e,
tí mo wá dá padà lówùúrọ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ nínú ọ̀rá,
ọ̀nà kan náà ni. Ṣé kìlómítà kan náà ni?”

Ó wù mí kó jẹ́ òru yẹn ni òǹkà kú.
Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín.
“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ni.
Ìwé owó orí ni mo gbé dání, àti ìwé àwòrán ìwọ̀ ẹja.”

Ọkọ̀ tèmi, ti bàbá mi ni.
Ibi tó máa ń jókòó sí ṣì jìn kòtò nínú fóòmù.
Mo fi tìmùtìmù dí i, mo tún yọ ọ́.
Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń dúró de ìdajì mílíọ̀nù,
mo fẹ́ fojú ara mi rí i kí gbogbo ẹ̀sán yí papọ̀ di òdo.
Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ku ẹyọ kan.
Mo pa rédíò. Mo rọra ń lọ.
Ni ìyá àgbọ̀nrín kan bá bọ́ sójú títì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀,
wọ́n ń sáré ṣẹ́ṣẹ́ níwájú mi bí ẹni tó ni ọ̀nà,
ẹsẹ̀ ọmọ náà gùn jù fún un,
n ò fọn fèrè, n ò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀.
Ìgbà tí wọ́n yà sínú igbó ni mo tó wo ilẹ̀:
ìdajì mílíọ̀nù ó lé méjì.

Mo ki jíà sí rìfáàsì.
Mo tún yọ ọ́.
Ọmọ ẹran náà ti ń jẹ koríko.